Jiji, Marketplace àbí WhatsApp: ibo ni ìnájà mọ́tò àlòkù ti dára jù fún ẹni tó ń tà á ní Òṣogbo?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà tí èèyàn bá gbà wọ ọjà mọ́tò àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ irú oníbàárà tó máa pàdé. Ẹni tó bá gbé Corolla kan ṣoṣo sórí Jiji, sórí Facebook Marketplace àti sórí status WhatsApp lọ́jọ́ kan náà máa gbọ́ ohùn mẹ́ta tí kò jọra. Ti Jiji á ní, "Ẹ káàsán sà, èló ni jálẹ̀?" Ti Marketplace á béèrè bóyá ọjà ṣì wà, ẹ dá a lóhùn tán, kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Ti WhatsApp á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi nìyí o. Ẹ ṣe é bí ará ilé, màá san ìdajì báyìí, ìdajì á dé tí wọ́n bá ti sanwó oṣù."

Àyẹ̀wò yìí wà fún ẹni tó ń ta mọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn ní Òṣogbo, tí kì í ṣe oníṣòwò mọ́tò, tó sì fẹ́ kí iye tó tọ́ wọ àpò òun. Ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè lè tètè mú tirẹ̀ lọ. Jiji ló ń mú ẹni tó mú owó dání wá jù, òun la fi ṣe àkọ́kọ́. WhatsApp ló ń yára tà jù, àmọ́ ibẹ̀ ni gbèsè ti ń wọlé. Marketplace ń kún bí Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń wo nǹkan kiri ni. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó máa bá yín ná ọjà. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n mú oníbàárà dé ìdí mọ́tò lọ, ìyẹn la sì fi dá wọn lẹ́jọ́.

Jiji

Ọdún 2014 ni Jiji bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2019 ó ra iṣẹ́ OLX tí wọ́n jọ ń bára wọn du ọjà, ní 2021 ó tún ra Cars45 tó jẹ́ pé mọ́tò nìkan ni tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wá mọ́tò ní Iléṣà, Ẹdẹ, Ìkìrun tàbí Ilé-Ifẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Ẹ mú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹ sì mú Òṣogbo gan-an. Ẹni tó bá kọ Ìbàdàn tàbí Èkó kí ìpolówó rẹ̀ lè dé iwájú èrò tó pọ̀ máa fi gbogbo ọjọ́ ṣàlàyé ibi tí mọ́tò wà. Oníbàárà tó bá wá gbà láti ti Èkó bọ̀ máa yọ owó ọ̀nà rẹ̀ lára iye yín.

Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni iye ọjà tí Jiji ń kọ sára ọ̀pọ̀ mọ́tò, láti iye báyìí dé iye báyìí. Oníbàárà ti rí i kó tó pè yín. Bí iye yín bá ga ju ìyẹn lọ, tí kò sì sí ìdí kankan nínú ohun tí ẹ kọ, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í nà yín. Torí náà, kí ẹ tó kọ iye, ẹ wo mọ́tò mẹ́wàá tó bá tiyín dọ́gba: ọdún kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà, irú jíà kan náà. Ẹ má da tòkunbọ̀ tí kò tíì gba nọ́ńbà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti gùn ní Nàìjíríà. Ẹ yọ èyí tó pọ́ọ́kú jù kúrò, ẹ̀tàn ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ sì rántí pé iye tí ẹ ń rí níbẹ̀ yẹn, iye tí wọ́n ń pè é ni, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á.

Àìdára Jiji kò ju méjì lọ, àmọ́ méjèèjì wúwo. Àkọ́kọ́, kì í di owó mú láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Ìkìlọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ sábẹ́ ìpolówó ni pé kí ẹnikẹ́ni má san owó ṣáájú, kí wọ́n pàdé níbi tí èrò wà, kí wọ́n yẹ ọjà àti ìwé rẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Èkejì ni àwọn alágbàtà. Wọ́n á pè yín bí ẹni tó fẹ́ rà, wọ́n á gba àwòrán, wọ́n á tún gbé mọ́tò yín síta pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tiwọn, ní iye tó kéré sí tiyín, kí èèyàn lè pè wọ́n. Oníbàárà tòótọ́ á wá fi ìpolówó yẹn hàn yín, á ní, "Ẹ ò rí i, ibí yìí ni mo ti rí i ní iye tó dín." Ohun tó ń dènà èyí ni kí ẹ lẹ bébà tí ẹ kọ déètì àti nọ́ńbà fóònù yín sí mọ́ gíláàsì iwájú nínú àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo alágbàtà ló burú. Bí ọ̀kan bá sọ gbangba pé alágbàtà lòun, ẹ jọ fẹnu kò lé owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp kó tó mú ẹnikẹ́ni wá.

Iye tí ẹ kọ àti bí ẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀

Ká fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀, láìjẹ́ pé à ń dá iye lé mọ́tò ẹnikẹ́ni. Bí owó tó gbọ́dọ̀ wọ àpò yín bá jẹ́ ₦4,500,000, ẹ kọ ₦4,950,000. ₦450,000 tó wà láàárín ni ààyè ìnájà yín, ìdá mẹ́wàá nínú ohun tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá fi mílíọ̀nù kan lé e kò ní rí ẹni tó máa pè é. Ẹni tó bá sì kọ 4,500,000 gan-an, tó wá fi "kò sí ìnájà" sí i, ó ń tan ara rẹ̀ ni: oníbàárà Yorùbá tí kò bá rí nǹkan kan yọ á gbà pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ìdí mìíràn tún wà tí 4,950,000 fi dára ju 5,050,000 lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń wá mọ́tò lórí Jiji máa ń fi gbèdéke lé iye kí àwòrán tó jáde. Ẹni tó bá kọ mílíọ̀nù márùn-ún kò ní fojú kan mọ́tò tó fi ₦50,000 ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ tilẹ̀ ti ṣetán láti gba 4,600,000.

Bí ìnájà bá bẹ̀rẹ̀, kí owó tí ẹ ń yọ máa kéré sí i ní gbogbo ìgbà. Láti 4,950,000, ẹ bọ́ sí 4,800,000, lẹ́yìn náà 4,720,000, 4,680,000, kó wá parí sí 4,660,000. Ẹ ti yọ 150,000, 80,000, 40,000, 20,000. Láìsọ ọ̀rọ̀ kan, oníbàárà ti rí i pé omi ọbẹ̀ ń gbẹ. Ẹni tó bá ń yọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ńṣe ló ń kọ́ oníbàárà pé bó bá tún bẹ̀bẹ̀, òmíràn ṣì ń bọ̀. ₦160,000 tó sì kù láàárín 4,660,000 àti iye àpò yín ni ẹ máa fi dáhùn àléébù tí mẹkáníìkì rẹ̀ bá rí. Ẹ má fọwọ́ kàn án kó tó di ìgbà yẹn.

Ẹ má yọ owó lásán pẹ̀lú. Kí ohun kan tẹ̀ lé gbogbo yíyọ: "Bí mo bá gbé e wá sí 4,680,000, ṣé òní lẹ máa san án?" Ẹni tó bá dáhùn pé òun á kọ́kọ́ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó lọ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúró sí 4,720,000.

Ọ̀rọ̀ orí fóònù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó jù. Lórí Jiji, bọ́tìnì wà tí èèyàn lè tẹ̀ láti béèrè iye ìkẹyìn láìkọ ọ̀rọ̀ kan. Ìbéèrè tí kò ná ẹni tó bi í ní nǹkan kan ni, ẹ má fi ₦300,000 dá a lóhùn. Iye tí ẹ bá jálẹ̀ sí lórí fóònù kì í ṣe ìparí. Bó bá dé ìdí mọ́tò, ibẹ̀ gan-an ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ìnájà tuntun, ẹ ò sì ní ní ààyè kankan mọ́.

Bí ìpè tó mọ́yán lórí ṣe yẹ kó lọ nìyí:

"Ẹ káàsán sà. Èló ni jálẹ̀ Corolla yẹn?"

"Ẹ káàsán sà. Ìnájà wà níbẹ̀, àmọ́ ìdí mọ́tò la ti máa ná an. Ògo-Olúwa ló wà. Ọjọ́ wo lẹ lè wá wò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ sọ iye, kí n má fi owó epo ṣòfò láti Iléṣà."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ sọ iye tó wà lọ́kàn yín fún mi. Bó bá jìnnà jù, màá ní kí ẹ má wulẹ̀ wá."

Òun ló máa wá dárúkọ iye. Bó bá ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Ẹ má bú u, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ní 4,300,000, ẹ ní kó máa bọ̀, ẹni tó bá ti rìnrìn àjò wá wo mọ́tò tó sì rí i pé ó rí bí wọ́n ṣe sọ máa ń fi nǹkan kún un. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó dájọ́: ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gùn ún, ṣé owó ti wà nílẹ̀ pátápátá, ṣé mẹkáníìkì rẹ̀ á bá a wá. Ẹni tó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi nǹkan falẹ̀ ni kí ẹ fún ní àkókò.

Ohun tí ẹ kọ sínú ìpolówó ló ń dín ìpè òfo kù. Ẹ kọ ọdún, ẹ́ńjìnì, jíà, iye ènìyàn tó ti gùn ún ní Nàìjíríà, kí ẹ sì kọ àléébù rẹ̀. Ó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, àmọ́ àléébù tí ẹ ti kọ sílẹ̀ kò ṣeé fi ná yín mọ́, nítorí ẹ ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A/C ń fẹ́ ṣùgbọ́n kò tutù dáadáa, gáàsì ló fẹ́. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ha lápá òsì." Fún ọdún, ẹ wo nọ́ńbà ṣásíì tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni àmì rẹ̀. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún àgbéjáde nínú mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹni tó kọ 2009 tí àmì ìkẹwàá sì jẹ́ 8 ti fún oníbàárà ní ọ̀kọ̀ tó máa fi gún un. Àmọ́ ẹ má gbé gbogbo nọ́ńbà ṣásíì tàbí àwòrán ìwé ọkọ̀ síta fún ayé, àwọn oníjìbìtì ń fi ṣe ìwé ayédèrú. Ẹni tó bá wá sí ìdí mọ́tò ni kó rí i.

Àwòrán méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ yà á láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì le: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, búùtù pẹ̀lú táyà ìpààrọ̀, ìjókòó, àjà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti dáṣíbọọ̀dù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí iná ìkìlọ̀. Ẹ fi fídíò kékeré kan sí i tó fi hàn bí mọ́tò ṣe ń jí láàárọ̀ kùtù, fún àwọn tó bá béèrè lórí WhatsApp. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo èyí bá pé ni kí ẹ tó ronú owó tí Jiji ń gbà láti gbé ìpolówó ga. Owó yẹn ò lè tún àwòrán burúkú ṣe.

Ìdí mọ́tò

Ìnájà tó ń mówó wọlé ń bẹ níbí. Mẹkáníìkì tí oníbàárà mú wá kò wá yin mọ́tò yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí ohun tí wọ́n máa fi yọ owó, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ ti rí gbogbo ohun tó máa rí kó tó dé, kí ẹ sì mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ dè é. Ẹni tó mọṣẹ́ máa kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì, bó bá gbóná á ní ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ má sì fọ ẹ́ńjìnì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ní ọ́ìlì tó ń jò lẹ ń nù. Bí mọ́tò bá jí, wọ́n á wo èéfín. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì, dúdú túmọ̀ sí pé epo tó ń wọlé pọ̀ jù, funfun tí kì í tán bí ẹ́ńjìnì ti gbóná túmọ̀ sí pé omi ń wọ inú ibi tí iná ti ń jó, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ top gasket, ìdè tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀. Wọ́n á ṣí ọmọrí ọ́ìlì. Bí nǹkan bíi wàrà tó dì bá wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí ló ń yọ owó jù lọ nínú gbogbo àléébù. Bí ti yín bá ní in, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ sọ ọ́ nínú ìpolówó. Kò ṣeé fi ẹnu bò.

Ẹni tó ń ta Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè kan. Ẹ́ńjìnì 2.4 inú Camry 2007 sí 2009, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 2AZ-FE, lórúkọ pé ó ń mu ọ́ìlì, débi tí Toyota fi ṣe ètò àtúnṣe pàtàkì fún un ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é, àmọ́ gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ya àwòrán ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ gùn ún tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan, kí ẹ tún ya á. Àwòrán méjèèjì ní déètì lára. Wọ́n á pa àríyànjiyàn yẹn tì.

Jíà ló kàn. Wọ́n á ti P bọ́ sí R, bọ́ sí D, wọn á máa gbọ́ bó bá fi nǹkan gbá tàbí tó pẹ́ kó tó mú. Ọ́ìlì jíà tó pupa tó sì mọ́ ń sọ rere nípa yín, èyí tó ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná ń sọ ibi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa scanner yọ, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú mọ́tò. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Àwọn kan máa ń pa àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ kí iná check engine lè kú. Ẹ má ṣe é. Scanner tó dára máa fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò inú mọ́tò ò tíì parí, ìyẹn sì ni ẹ̀rí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni. Láti ibẹ̀ lọ, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ lẹ́nu yín mọ́. Àṣìṣe P0420 wọ́pọ̀ lórí mọ́tò tí wọ́n ti gùn ní Nàìjíríà, torí pé wọ́n ti gé catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn tà. Mọ́tò á ṣì máa rìn, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì mọ iye tí ẹ máa fún un.

Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti ń bù mọ́ ọn jù: ṣọ́ọ̀kì, ball joint, bushing, rack end. Mẹkáníìkì oníbàárà á gbọ́ "kọ́, kọ́" lẹ́ẹ̀kan, á sì ní iṣẹ́ ₦250,000 ni. Kí ó tó dé, ẹ ti mú mọ́tò lọ sọ́dọ̀ tiyín, ẹ ti béèrè iye ohun èlò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ sì ti kọ ọ́ sí bébà. Bó bá jẹ́ pé stabilizer linkage, irin kékeré kan lábẹ́ mọ́tò, nìkan ló ń dún, ẹ nawọ́ bébà sí i. Ẹ fi iye ohun èlò àti owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ̀ ọ́ pátápátá, kò sí kọ́bọ̀ lé e. Ìnájà tó ní bébà nínú kì í pẹ́.

Èwo ni kí ẹ tún ṣe, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀? Àwọn tí owó wọn kéré tí ariwo wọn pọ̀ ni kí ẹ ṣe: gílóòbù, wiper, linkage, gáàsì A/C, engine mounting tó ti já tí mọ́tò fi ń gbọ̀n. Ẹ má kun mọ́tò lọ́dà tuntun láti tà á. Ọ̀dà tuntun láti orí dé ìrù ń mú kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti lù ú, wọ́n á kan ara rẹ̀ ní ìka, wọ́n á wo bolt tó de bónẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti tú u rí. Ibi kékeré tó ha lára ọ̀dà ilé-iṣẹ́ dára jù ú lọ. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Bó bá ti pẹ́ ju ọdún mẹ́rin lọ, wọ́n máa fi ná yín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún gígùn wò, láti Ògo-Olúwa lọ sí ọ̀nà Gbọ̀ngán títí dé ìtòsí Abéré dára, ọ̀nà ibẹ̀ gbà kí jíà pààrọ̀ dé òkè. Ọláìyá kò dára fún un, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ á kàn dá a lóró, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kó rí i pé mọ́tò kì í gbóná bó bá dúró. Ẹ wo ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìnṣúránsì tiyín ò tíì kú. Láti 2023, ₦15,000 ni third party fún mọ́tò àdáni. Owó tó kéré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àjèjì kan lè fi mọ́tò yín ṣe lójú pópó.

Marketplace

Ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó yára, ojú èèyàn sì wà lẹ́yìn orúkọ. Ẹ lè wo ìgbà tí ẹni tó kọ̀wé sí yín ṣí ojú-ìwé rẹ̀: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí kò ní ọ̀rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ Facebook ti kọ ìbéèrè "ṣé ó ṣì wà?" sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìdáhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: ó wà, ibi tó wà, àkókò tí wọ́n lè wá. Ẹ má sọ iye.

Ohun tó mú ká fi Marketplace sẹ́yìn ni jìbìtì ẹlẹ́ni-mẹ́ta, tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Jiji náà, ṣùgbọ́n tó rọrùn jù níbi tí orúkọ ayédèrú pọ̀ sí. Oníjìbìtì á pè yín, kò ní ná ọjà púpọ̀, á gbà. Á ní, "Àbúrò mi ló ń bọ̀ wá wò ó. Mo jẹ ẹ́ lówó ni, ẹ má bá a dárúkọ iye, èmi ni mo máa sanwó." Ó ti gbé àwòrán mọ́tò yín síta ní iye tó dín ní mílíọ̀nù kan, ó sì ti sọ fún oníbàárà gidi pé àbúrò òun lẹ̀yin, kó má bá yín sọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin méjèèjì á pàdé, mọ́tò á wù ú, á sanwó sínú àpò ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kò pẹ́, ariwo á sọ: ó ti sanwó, ẹ ò rí kọ́bọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni gbogbo yín máa jọ kalẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ má sọ iye fún ẹni tó wá wo mọ́tò, ẹ sọ iye fún ẹni náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó kí i tán. Kí ẹ tún sọ fún un pé orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì tó máa sanwó sí.

WhatsApp

Ẹni tó rí mọ́tò lórí status yín ti mọ̀ yín, ó mọ bí ẹ ṣe ń gùn ún, ìgbẹ́kẹ̀lé wà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó yára. Àmọ́ ìnájà ibẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan, ti ojú ni. Kò rọrùn láti sọ pé rárá fún àna, fún ọmọ ìjọ, fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Abéré. Ẹ pinnu iye ará ilé kí ẹ tó gbé e síta, kí ẹ sì dá a sọ lẹ́ẹ̀kan péré: "Mò ń pè é ní 4,950,000 níta. Torí pé ìwọ ni, 4,600,000, kò sì sí ìnájà nínú èyí." Ẹni tó bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín títí owó á fi pé, mọ́tò náà wà lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣetán. Ti pàṣípààrọ̀ náà ń wá láti ibẹ̀, kí wọ́n fi mọ́tò tiwọn lé owó. Bí ẹ ò bá ní mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán, ẹ má dá a láṣà, nítorí ẹ ti di oníbàárà àti olùtà lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Owó àti ìwé

CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi gbèdéke ₦500,000 lọ́sẹ̀ sí owó tí ẹnìkan lè gbà jáde ní báńkì láìsan owó àfikún, torí náà owó tí wọ́n tàtaré láti báńkì sí báńkì (transfer) ni ẹ máa gbà. Ẹ béèrè iye tí áàpù rẹ̀ lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, ìyẹn ló ń fa "ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù ránṣẹ́ lọ́la". Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí àwòrán risíìtì ṣe ẹ̀rí, ayédèrú alert pọ̀. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ wo iye tó wà nínú àpò yín gan-an. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú, ẹ jọ wọ inú báńkì lọ, kí mọ́tò dúró níwájú ibẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò yín. Bó bá san àsansílẹ̀ láti fi dá ọjà dúró, ẹ kọ iye, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí kò bá dé.

Ẹ kọ ìwé títà ní ẹ̀dà méjì: orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà ṣásíì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, nọ́ńbà ọkọ̀, iye ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà, pé ó rà á bó ṣe wà lẹ́yìn tí mẹkáníìkì rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, déètì, àti aago. Aago yẹn ṣe pàtàkì. Títí wọ́n á fi yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, orúkọ yín ni nọ́ńbà yẹn ń pè, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá fi mọ́tò náà ṣẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ yẹn lè wá sílé yín. Kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i níhà kọ̀ọ̀kan.

Bí owó bá ti wọlé, ẹ pa ìpolówó rẹ́ lórí Jiji àti Marketplace kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ yọ status kúrò, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ti dá ọjọ́ pé ọjà ti tà, pàápàá ẹni tó ní òun ń bọ̀ láti Iléṣà.